Jẹ́jọ́ kì í ṣe Jẹ̀bi: Lámèyítọ́ lórí Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìrojọ́ ní Kóòtù

1. Ìfáàrà

Orúkọ àdúgbò Samandin ní ìlú Ouagadougou tan mọ́ oyè Samande Naaba, ọ̀kan lára àwọn ìjòyè Mogho Naaba, ọba àwọn Mossi. Ní èdè Mooré, àgbàlá ni samande. Yorùbá náà mọ àgbàlá ọba gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń rojọ́, tí ẹlẹ́jọ́ sì ti ń fi èdè ara rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Ní kóòtù ìjọba lónìí, ì báà jẹ́ ní Ouagadougou tàbí ní Ìbàdàn, ògbufọ̀ ni ó sábà máa ń dúró láàárín ẹlẹ́jọ́ àti adájọ́. Iṣẹ́ yìí tako ìtumọ̀ kan tí ó ti di bárakú, èyí ni lílo jẹ̀bi fún ìdáhùn olùjẹ́jọ́ nígbà tí a bá ka ẹ̀sùn sí i létí. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni jẹ̀bi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjẹ́jọ́.

2. Ìhun àti Ìtumọ̀

(1) a. pè lẹ́jọ́
b. jẹ́jọ́
d. rojọ́
e. dájọ́
ẹ. jẹ̀bi, jàre

Bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe tẹ̀ léra ni ìṣẹ̀lẹ̀ inú ẹjọ́ ṣe ń tẹ̀ léra. Rò ni ọ̀rọ̀-ìṣe inú (1d). Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: rò + ẹjọ́ → ro ẹjọ́ → rojọ́. Nínú agbẹjọ́rò, gbà ni ó gba ẹjọ́ ní àbọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn rò mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ sì padà fara hàn. Agbẹjọ́rò gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́ kí ó lè bá a rò ó. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹnu olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ni kóòtù ti ń gbọ́ ìdáhùn sí ẹ̀sùn. Agbẹjọ́rò kì í bá a jẹ́ ẹ.

Jẹ́ inú (1b) ni jẹ́ inú jẹ́pè: ẹni tí a pè ni ó ń jẹ́. Jẹ olóhùn àárín ni ó wà nínú (1ẹ), pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ̀lì: jẹ + ẹ̀bi → jẹ̀bi; jẹ + àre → jàre. Ẹbí jẹ oyè àti jẹ ìyà ni èyí: ohun tí ó kan ènìyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Lóòótọ́, ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n nígbà náà ó ti di adájọ́ ara rẹ̀.

3. Ibi tí Ìtumọ̀ ti Wọ́

(2) Ṣé o jẹ̀bi tàbí o kò jẹ̀bi?

Nínú òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ní òun kò jẹ̀bi kò fi dandan sọ pé òun kò ṣe nǹkan náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí olùpẹ̀jọ́ mú ẹ̀rí wá. Etí Yorùbá kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó na ẹlòmíràn láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lè wí pé:

(3) Mo nà án, ṣùgbọ́n mo jàre.

Abala kìíní gba ìṣe; abala kejì kọ ẹ̀bi. Ìbéèrè (2) kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn yìí. Bí ó bá ní òun jẹ̀bi nítorí pé ó mọ̀ pé òun nà án, àwíjàre rẹ̀ ti bọ́ sọnù.

Àṣà tún dá kún un. Yorùbá ní ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Níwájú àgbà, ‘mo jẹ̀bi’ jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ó ń pẹ̀tù síjà. Ní kóòtù, ọ̀rọ̀ kan náà lè fòpin sí ẹjọ́ kí a tó rò ó rárá. Ẹni tí ó lérò pé àforíjì ni òun ń tọrọ ti fọwọ́ sí ìdálẹ́bi ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ìpèrí kò tíì yanjú èyí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Àkójọ ọ̀rọ̀ ní èdè mẹ́rin tí NERDC gbé jáde ní 1991 dá lórí ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin. Iṣẹ́ ribiribi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ ni irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ohun tí kóòtù nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, ìgbà wo ni, kí ni ó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

4. Àtakò àti Àbá

Àwọn kan lè jiyàn pé ìwé ìròyìn ti sọ ‘ó ní òun kò jẹ̀bi’ di mímọ̀, àti pé ìlò ni í fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Òótọ́ ni fún òǹkàwé. Òun kọ́ ni yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n bí kò bá yé e. Òfin gan-an ya ìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi. Abala 274 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn Nàìjíríà ti 2015 pàṣẹ pé bí olùjẹ́jọ́ bá gba ẹ̀bi, kí olùpẹ̀jọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí kóòtù sì wádìí bóyá ohun náà gan-an ni ó gbà. Ní Ouagadougou, níbi tí ìlànà òfin Faransé ti gbilẹ̀, bóyá olùjẹ́jọ́ gba àwọn ìṣe tí a kà sí i lọ́rùn ni a ń bi í. Bí oníṣòwò Yorùbá kan ní Samandin bá dé iwájú adájọ́, tí ògbufọ̀ sì lo (2), ohun tí adájọ́ kò béèrè ni yóò máa dáhùn. Àbá tí ó bá kóòtù méjèèjì mu nìyí:

(4) Ẹ gba ẹ̀sùn tí a kà yìí, tàbí ẹ kò gbà á?
(5) Èwo gan-an ni ẹ ṣe nínú ohun tí wọ́n sọ, kí ni ó sì fà á?

Gbà náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí ‘mo gbà’ lè jẹ́ ìtẹríba lásán. Ìdí nìyí tí (5) fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé (4) bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn aṣòfin Burkina Faso fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà: èdè Faransé di èdè àmúṣiṣẹ́, àwọn èdè ìbílẹ̀ tí òfin bá yàn sì di èdè ìjọba. Bí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá wá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ òfin ní Mooré, Jula tàbí Fulfulde, kí wọ́n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ ìrojọ́ inú èdè náà bí a ti tò wọ́n nínú (1), kí wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ ti olùjẹ́jọ́ àti èyí tí ó jẹ́ ti adájọ́, kí wọ́n tó wo ìwé atúmọ̀ èdè. Ní ti Yorùbá, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ àwọn ògbufọ̀ kóòtù bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyàtọ̀ jẹ́ àti jẹ.