Sàráà Nínú Ìwé Aké

Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe Kérésìmesì, àròyé kan náà ni a máa ń gbọ́ ní Abẹ́òkúta: pé ayé àtijọ́ ni ọdún dùn, pé nísinsìnyí, owó àti ọjà ti gba ọdún mọ́ wa lọ́wọ́. Àròyé náà kì í ṣe irọ́ lásán. Ṣùgbọ́n àròyé tí a kò bá tú wò dáadáa a máa dá ẹni tí kò jẹ̀bi lẹ́bi. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ yẹ ìwé kan wò, èyí tí ọmọ tí a bí sí ìlú yìí ní 1934 kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀.

Ìwé náà ni Aké. Wọlé Ṣóyínká ni ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1981. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa ní 2001, ó pè é ní Aké: Ní Ìgbà Èwe.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí òǹkọ̀wé ti fi ojú àgbà padà wo àdúgbò tí ó ti ṣe ọmọdé. Ó rí i pé ọgbà ìjọ Aké ti ṣá, àti pé òórùn oúnjẹ tí ó máa ń gba ìgboro kan ti pòórá. Ó dárúkọ àwọn oúnjẹ tí àwọn ìyá ń kiri, ó sì fi wọ́n ko ṣọ́ọ̀bù kan lójú, níbi tí mọ́ínmọ́ín ti wà nínú àpótí gíláàsì tí iná aláwọ̀ tàn sí, tí ó jókòó ti adìyẹ dídín àti búrẹ́dì ẹlẹ́ran ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ dùn kà púpọ̀. Òǹkọ̀wé ń bínú, ó sì ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò fi èyíkéyìí pamọ́ fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè. Àwọn ìyá tí wọ́n ń kiri nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní oúnjẹ bí? Rárá o. Títà ni wọ́n ń tà á. Ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, òórùn nìkan ni yóò gbọ́, òórùn kò sì yó ẹnikẹ́ni rí. A lè rántí èènì, pé ìyá aláàkàrà a máa fi ẹyọ kan lé e fún ọmọ tí ó mọ̀, àti pé àpótí gíláàsì kò mọ ọmọ ẹnìkan. Síbẹ̀, ọjà ni òǹkọ̀wé fi wé ọjà. Adùn ẹnu àti ẹwà ìpolówó ni ó ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe ìlawọ́. Ẹni tí ó bá fi ibẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn baba wa lawọ́ jù wá lọ ti mú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò ṣojú rẹ̀ wá sí kóòtù.

Ẹlẹ́rìí gidi wà níbòmíràn nínú ìwé kan náà. Ó wà níbi ìtàn Búkọ́lá, ọmọ olùtàwé, tí gbogbo ọgbà mọ̀ sí àbíkú. Lóòrèkóòrè ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe sàráà nítorí rẹ̀: oúnjẹ rẹpẹtẹ, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń jẹ. A kò kà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìwé ìpè lọ́wọ́ ọmọ kankan, tàbí pé ó wo aṣọ tí ó wọ̀ wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Èdè Lárúbáwá ni sàráà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ṣadaqa. Àwọn Mùsùlùmí ni ó sì bá dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, ilé onígbàgbọ́, lórí ilẹ̀ ìjọ, ni a ti ń ṣe é nínú ìwé yìí, nítorí àbíkú, tí kò sí nínú Kùránì, tí kò sì sí nínú Bíbélì. Ẹ̀sìn mẹ́ta pàdé nínú abọ́ kan, àwọn ọmọ sì jẹun.

Ẹnì kan lè sọ pé ìbẹ̀rù ló wà nídìí sàráà yẹn, kì í ṣe ìfẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run ni wọ́n ń bẹ̀, kí wọn má baà mú ọmọ lọ. Ọmọ náà pàápàá sì mọ agbára tí ó ní lórí àwọn òbí rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò bo èyí, ó sì yẹ kí á yìn ín. Ẹni tí ó kàn fẹ́ fi àtijọ́ yangàn ì bá ti gbé e pamọ́. Àmọ́ ìbẹ̀rù ni o, ìfẹ́ ni o, oúnjẹ ti ilé ẹni tí ó ní jáde, ó sì bọ́ sí ẹnu ọmọ ẹlòmíràn. Àmì sàráà nìyẹn: ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò jẹ gbèsè.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ẹní tí ó wà ní yàrá ìyá òǹkọ̀wé, tí àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ ẹbí, àti ọmọ tí ilé kàn gbà tọ́ jọ ń sùn lé. Oníṣòwò sì ni obìnrin yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó mọ iye owó ọjà. Ọjà kò pa ìlawọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọjà ni ọ̀tá tí a ń wá.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sí Ìjemọ̀, tí òun àti Aké jọ wà nínú Ẹ̀gbá Aláké. Bí Mùsùlùmí bá pa àgbò Iléyá, a gbé ẹran fún aládùúgbò rẹ̀ onígbàgbọ́; bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ ìrẹsì a gba ọ̀nà kan náà padà. Èyí kò tíì kú. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: aṣọ ẹbí, tí ẹni tí kò rà á ń wá àga tì, ike àti abọ́ tí a tẹ orúkọ àti àwòrán olùfúnni sí, tí ẹni tí ó ra aṣọ ni a kọ́kọ́ ń fún. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùn yìí ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ ló di ọjà.

Àwọn kan yóò pa á lówe pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Òwe rere ni. Ṣùgbọ́n kò ní kí á lé ẹni tí kò ní kúrò nídìí àwo. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé jíjẹ náà kì yóò dùn mọ́ àwa tí a ní.

Ọmọ Ìjemọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí a fi tinútinú ṣe àti èyí tí a fipá gbà. Ìtàn sọ pé àáró ni Líṣàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ: mo bá ọ roko lónìí, o bá mi ro lọ́la. Ní 1914, iṣẹ́ ọ̀nà tí a fipá múni ṣe láìsanwó wà lára ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀. Pọ́nládé, àgbàlagbà ará Ìjemọ̀, kú sí àtìmọ́lé; nígbà tí ìlú sì fárígá, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní oṣù Ògọ́sìtì, Olúwo Ìjemọ̀ sì wà lára àwọn tí ó kú. N kò fi aṣọ wé ikú o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ́ àti àdá kan náà ni a fi ń ṣe àáró, òun náà ni a fi ń ṣe iṣẹ́ ipá. Bóyá ènìyàn lè sọ pé òun kò ṣe ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ó yáwó ra aṣọ ẹbí kí ojú má baà tì í kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ìdájọ́ mi lórí ìwé yìí ni pé ibi tí ó ti ń ṣọ̀fọ̀ ni ó dùn jù ní etí, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń ròyìn sàráà àti ẹní ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé rántí èyí nígbà tí ọdún bá dé. A ti kọ nípa òórùn àkàrà tó. Kí ẹnì kan kọ ti abọ́ tí ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ ọdún, kí ó sì dárúkọ ilé tí abọ́ kankan kò yà.