Yúróòpù Méjì, Orúkọ Kan

Cornwall ni mo fẹ́ kí á yà sí lónìí, ní ìpẹ̀kun Ìlú Ọba, níbi tí ilẹ̀ ti wọ inú òkun.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà níbẹ̀ láti 1951, Mebyon Kernow. 'Àwọn Ọmọkùnrin Cornwall' ni orúkọ náà ń jẹ́. Wọ́n ń jà fún èdè wọn àti ilé aṣòfin tiwọn. Mo fẹ́ràn wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá wọn wí.

Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ náà ní kí Ìlú Ọba má kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àjọ yẹn ti ná owó gidi sí Cornwall láti 2000. Síbẹ̀, ìdá 56.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ní àwọn ń lọ.

Ẹ gbọ́ ná o. Brussels ni owó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Àdéhùn tí ìjọba London tẹ̀ lé ní 2014 láti gba àwọn ará Cornwall bí ẹ̀yà tó dá dúró, ti Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ní Strasbourg ni, Ìlú Ọba kò sì kúrò níbẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Bí ẹgbẹ́ náà kò bá la 'Yúróòpù' sí méjì létí ará ọjà, àwọn èèyàn á rò pé àdéhùn ti bá owó lọ. Ta ni yóò wá di ìjọba mú nítorí èdè wọn?