Atukọ̀ Tó Jókòó Sórí Ilẹ̀

Láti Ṣàngó níbí ní Ìlọrin, ó di Jẹ́bà kí a tó fojú kan Odò Ọya, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ wá lógún. Síbẹ̀, mo kan sáárá sí àwọn ará Finland. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Falco darí ara rẹ̀, ó sì kó àlejò 80 láti Parainen lọ sí Nauvo ní orílẹ̀-èdè wọn. Kámẹ́rà àti rédà ló fi ń ríran. Ó gúnlẹ̀ láìsí pé atukọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àbọ̀ rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ọ̀gá atukọ̀ kan jókòó ní ìlú Turku, bíi kìlómítà 50 sí i, ó ń darí rẹ̀. Kò lè fi ẹsẹ̀ mọ bí ìgbì ṣe ń gbé ọkọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá fi hàn án nìkan ló ní. Iṣẹ́ ńlá mà nìyẹn o!