Ẹkún Opó Nínú Orin Ogun Vietnam

Ọ̀pọ̀ olùṣọ́-àgùntàn ni yóò béèrè pé kí ni orin ayé ń wá nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn. Èsì wa kò gùn. Orin tí àwọn ènìyàn ń kọ nígbà ogun máa ń fi ohun tí wọ́n gbàgbọ́ nípa ikú, nípa ọ̀tá àti nípa Ọlọ́run hàn, nígbà mìíràn ju ìwàásù wọn lọ. Orin mẹ́ta ni a mú wá láti Amẹ́ríkà, láti ìgbà ogun Vietnam, ogun tí ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó lé ní 58,000, tí àwọn ará Vietnam tí ó pa sì ju iye yẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Èkíní ni “The Ballad of the Green Berets”. Barry Sadler tí ó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ ogun, ó sì fara gbọgbẹ́ ní Vietnam. Ní 1966, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni orin náà fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ó yin àwọn akọni. Ọ̀kan nínú wọn kú, ó sì ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kí ọmọ wọn náà wọ irú àmì tí bàbá rẹ̀ wọ̀. A kò fojú tẹ́ńbẹ́lú akọni. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: opó náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sunkún, kò béèrè, a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó gbà kí ọmọ òun lọ. Dáfídì sunkún lórí Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì, ó sì ní kí a fi orin arò náà kọ́ àwọn ọmọ Júdà (2 Sámúẹ́lì 1). Orin Sadler fo ẹkún kọjá, ó bọ́ sórí ogun tí ó kàn.

“Masters of War” ti Bob Dylan yàtọ̀. Ó gbé e jáde ní 1963, kí ogun náà tó gbóná janjan. Àwọn tí ń ti ohun ìjà jẹun ni ó dojú kọ. Àwọn tí ó lòdì sí ogun Vietnam ni wọ́n wá sọ ọ́ di tiwọn. Ìbínú rẹ̀ nídìí. Síbẹ̀, olórin náà ti ilẹ̀kùn ìdáríjì mọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó fi orúkọ Jésù ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀lé òkú wọn dé ẹnu ibojì nínú ọkàn rẹ̀. (Ẹni tí ó bá ń lọ sí ìṣọ́ òru ní àwọn ìjọ wa kan yóò mọ ohùn yìí: kí ọ̀tá kú, kú, kú!) Ẹnìkan lè sọ pé Sáàmù 109 náà gégùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni onísáàmù ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú Adájọ́, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Dylan kò gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni adájọ́, òun náà ni yóò ṣọ́ ibojì.

“What's Going On” ti Marvin Gaye gan-an ni ó mú wa kọ àròkọ yìí. Òjíṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ House of God ní Washington, ìjọ tí ó pa ìsìn Pẹ́ńtíkọ́sì pọ̀ mọ́ pípa ọjọ́ Sábáàtì mọ́. Inú ìjọ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ kọrin. Àbúrò rẹ̀, Frankie, lọ jagun ní Vietnam, ó sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí fún un. Obie Benson, ọ̀kan nínú àwọn akọrin Four Tops, ni ó bẹ̀rẹ̀ orin náà lẹ́yìn tí ó rí bí ọlọ́pàá ṣe ń lu àwọn ọ̀dọ́ ní Berkeley ní 1969. Al Cleveland àti Gaye bá a parí rẹ̀. Berry Gordy, olùdásílẹ̀ Motown, kò fẹ́ kí ó jáde rárá. Nígbà tí ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1971, ó tà wàràwàrà.

Ohun tí Sadler fò, òun ni Gaye fi bẹ̀rẹ̀. Ẹkún ìyá ni a kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ikú arákùnrin, lẹ́yìn náà ẹ̀bẹ̀ sí bàbá. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá. Ariwo àwọn tí ń kí ara wọn bí ẹni wà lóde àríyá ni ó ṣáájú orin. Nígbà tí orin bá wọlé, a fi ohùn Gaye lé ohùn Gaye, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ìbéèrè, orin náà sì parí láì dáhùn, bí Sáàmù 88 ṣe parí sínú òkùnkùn. (Àwọn kan máa ń rántí pé bàbá rẹ̀ ni ó yìnbọn pa á ní 1984, wọ́n á sì fi ikú náà ka ẹ̀bẹ̀ sí bàbá inú orin. Ọdún mẹ́tàlá wà láàrin. Ẹ jẹ́ kí a fi orin sílẹ̀ sí ọdún tirẹ̀.)

Ní tiwa, ogun kò jìnnà. Àwọn ọmọ ìjọ wa wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ sí Borno. Àwọn mìíràn kò padà. Nígbà tí opó bá jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìsìnkú, kí ni a ń kọ? Orin ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Òtítọ́ ni pé Kristi ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sunkún pẹ́, a ń fura sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, a sì ń sọ ọ́ di opó inú orin Sadler.

Orin Gaye ní àléébù. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lásán yóò rò pé ìfẹ́ ènìyàn sí ènìyàn ti tó láti wo ọgbẹ́ ogun sàn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹkún inú Bíbélì ní Ẹni tí a ń sun ún sí. Síbẹ̀, kí a má yára dájọ́, nítorí orin náà ni ó ṣí odidi àwo orin kan, tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ohùn ẹni tí ó ti ogun dé tí kò ríṣẹ́. Nígbà tí ó yá, a dé “God Is Love” àti “Wholy Holy”, níbi tí ọmọ oníwàásù náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí, ní ìparí orin tí ó kẹ́yìn àwo náà, orin àkọ́kọ́ tún padà wá, a sì tún gbọ́ tí ó ń pe ìyá.