Ìlù Nínú Àwòrán Mùráínà Oyèlámì

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Èkó tàbí Ìbàdàn kí ó má bá àwòrán onílù lára ògiri. Onílù náà á wọ dàńṣíkí, á gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká, á na kọ̀ǹgọ́ sókè, á sì máa rẹ́rìn-ín. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń dán, ó sì máa ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ gbọ́ nǹkan kan. Ìlù wà níbẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ ó ti yadi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ iṣẹ́ Mùráínà Oyèlámì wò. Ọmọ Ìrágbìjí ni, ọdún 1940 ni wọ́n bí i. Ó mọ ìlù dùndún débi pé ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó mọ ìlù tó báyìí, ẹ̀yin náà á rò pé onílù ni yóò kún inú àwòrán rẹ̀ fọ́fọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù ni ilé àti orí ènìyàn: ilé tó fara ti ilé, òrùlé tó ń tẹ̀ lé òrùlé, ojú tó ń wo ni láìsọ̀rọ̀. Èrò tèmi ni pé inú àwọn ilé wọ̀nyí gan-an ni ìlù wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ìlù àti àwòrán ṣe pàdé l'Óṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀ gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orin Àjíǹde tí ó ṣe. Inú bí àwọn kan nínú ìjọ: ìlù tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà, kí ló ń wá nílé Ọlọ́run? Ni Ládípọ̀ bá kó orin rẹ̀ jáde. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí tí Ládípọ̀ ní di Mbari Mbayo, níbi tí eré orí ìtàgé àti àwòrán ti jọ ń gbé. Nígbà tí Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ ní 1964 láti fi àwòrán yíyà kọ́ wọn, inú ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti wá. Oyèlámì wà níbẹ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ tó ń bójú tó iná orí ìtàgé náà wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìlù tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ayàwòrán.

Wàyí o, báwo ni dùndún ṣe ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ìlù kan ṣoṣo. Gúdúgúdú tí a so kọ́ ọrùn, tí a ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù, kì í sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni yóò máa tẹnu mọ́ títí. Kẹríkẹrì àti ìṣáájú náà ní ipa tiwọn tí wọn kì í fi sílẹ̀. Orí gbogbo èyí ni ìyá ìlù ń dúró sọ̀rọ̀. Bí onílù bá fún ọṣán, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ó ń ki ni, ó ń pòwe, ó ń bú ni pàápàá. Bí àwọn yòókù bá dákẹ́, ìyá ìlù á dà bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí òun náà bá sì dákẹ́, ìró lásán ló kù.

Ẹ gbé èyí lọ síwájú àwòrán ilé Oyèlámì. Àwọn ògiri tó ń padà wá léraléra, gúdúgúdú nìyẹn. Ojú á máa sáré lọ lórí wọn. Lójijì, fèrèsé dúdú kan, tàbí òrùlé kan tó yọrí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, á dá ojú dúró. Ìyá ìlù ti sọ̀rọ̀ nìyẹn! Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ Twins Seven-Seven, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Óṣogbo, tí òun náà jẹ́ oníjó àti olórin. Ti Seven-Seven, ilà wẹ́wẹ́ ló kún gbogbo àyè, bí akọrin tí kì í mí. Oyèlámì ní tirẹ̀ máa ń fàyè sílẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ kúrò lára awọ.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba. Nínú àwọn mìíràn, ilé kàn ń tẹ̀ lé ilé ni, kò sí èyí tó dá wa dúró. Ó dára lára ògiri, ṣùgbọ́n gúdúgúdú láìsí ìyá ìlù ni.

Ẹlòmíràn lè ní: "Ẹ gbọ́ ná, èdè ìlù ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń jó lóde ìnáwó láìmọ̀ pé oríkì ìdílé àwọn ni onílù ń kì. Ṣé kò wá yẹ kí ayàwòrán ya onílù kí ìran tó ń bọ̀ lè rí i ni?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mi ò sì fojú di í. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Oyèlámì fúnra rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó fẹ́ kí dùndún má parun, kì í ṣe ọ̀dà ló gbé. Ó kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìlù, ó sì kọ ìwé lórí bí a ṣe lè fi àmì kọ ìlù dùndún sílẹ̀, èyí tí Iwalewa-Haus ní ìlú Bayreuth, ní Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1989. Ó mọ̀ pé àwòrán kò lè kọ́ ọwọ́ ní ìlù lílù. Iṣẹ́ tí ó fún àwòrán yàtọ̀: kí ojú wa mọ bí a ti í tẹ́tí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán, bí ẹ bá fẹ́ mú ìlù wọ inú iṣẹ́ yín, ẹ lọ jókòó ti àwọn ọmọ Àyàn títí ẹ ó fi mọ ìlù tó ń gbè àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olówó náà, kí ẹ tó ra onílù tó ń rẹ́rìn-ín tí ẹ ó gbé kọ́ pálọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: kí lo ń wí? Bí kò bá dáhùn, ẹ fi owó yín sápò.