Ohun Tí Fíìmù Fi Ń Pa Ni Lẹ́kún, Tó Fi Ń Pa Ni Lẹ́rìn-ín

Ọ̀nà tí olùdarí gbà pín ìṣẹ̀lẹ̀ inú eré fún òǹwòran ló ń mú omi jáde lójú rẹ̀, ju ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fẹnu lásán sọ fún ènìyàn pé ọba kan gbé adé lérí, ó sì kú, olùgbọ́ lè mirí kó máa bá tirẹ̀ lọ. Nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ yìí kan náà lè mú kí àyà gbogbo ará ilé máa já. Nǹkan mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé: ohun tí òǹwòran mọ̀, ojú tó ń wò, àti ìró tó ń gbọ́.

Ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Nígbà náà, pé àwòrán ń rìn ti tó ìyanu. Ó di ọdún 1976 kí Àjàní Ògùn tó jáde, fíìmù Yorùbá tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyàn tí wọ́n ń pè ní Adé Love sì ṣe gudugudu méje nínú rẹ̀. Hubert Ògúnǹdé ṣe Ayé ní 1979; Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Orí ìtàgé ni Adé Love, Ògúnǹdé àti Bàbá Sàlá ti kọ́ bí èrò ṣe ń dáhùn. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ìlù rọlẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀fẹ̀ já lu ìbànújẹ́.

Ohun tí òǹwòran mọ̀ ni ìpìlẹ̀. Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde ní 1999, wọ́n ti la ọ̀rọ̀ náà yé wa tipẹ́: ẹni tó bá gbé adé idẹ ìlú Jogbo lérí láìṣe ètùtù tó yẹ, orí yóò fọ́ ọ bó bá gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ, yóò sì kú. Nítorí náà, nígbà tó kan Lágàtà, ológun tó fipá gba ipò, ọkàn òǹwòran kò sí lọ́dọ̀ ọba mọ́, ọ̀dọ̀ onílù ló wà. Ká ní wọ́n fi àṣírí yìí pamọ́ títí dòpin ni, ikú rẹ̀ á kàn ya ènìyàn lẹ́nu, kò sì ní pẹ́ tán nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú, ìdúró gan-an ló di adùn.

Ojú ló tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú òṣèré kan, ó tò ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tò ó mọ́ pósí, ó sì tò ó mọ́ obìnrin kan. Wọ́n ní àwọn òǹwòran yin òṣèré náà pé ó fi ebi, ọ̀fọ̀ àti ìfẹ́ hàn, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni. Òǹwòran fúnra rẹ̀ ló ń fi ti ọkàn rẹ̀ kún ojú tí kò sọ nǹkan kan. Òṣèré tó bá ń ké tòò, tó ń yíràá nílẹ̀, ti bá wa sun ẹkún náà tán. Èyí tó gbé e mì, tó ń wolẹ̀, fi ẹkún sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tó ń to fíìmù ti ń dùn jù. Àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ń to fíìmù lè fi ojú òṣèré sílẹ̀ fún àwòrán 12 sí i, kí omi tó ń ràkòrò lójú òṣèré lè ráyè bọ́. Bó bá tètè gé e, àánú kò ní tíì ṣe òǹwòran tó; bó bá pẹ́ jù, ọkàn á ti lọ síbòmíràn.

Ìró ń ṣe èyí tí ojú kò lè ṣe. Ní Ìjanikin, lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí Àwórì àti Ègùn ti jọ ń gbé, tí Lagos State University of Education sì ń kó ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣì lè bá ìyá tó ń sunkún ọmọ nínú fíìmù kẹ́dùn, torí ohùn ti sọ fún un. Ẹni tó gbọ́ ọ jẹ èrè lé e: bí ìyá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ ní oríkì, orí á wú. Ìdákẹ́jẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìlù bá dákẹ́ lójijì, etí á nà. Àmọ́ bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe a di òfò.

Ẹ̀rín àti ẹ̀rù a máa ràn. Níbi tí èrò pọ̀ sí, ẹnì kan á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín sí Bàbá Sàlá, gbogbo ilé á gbà á. Ẹlòmíràn á máa kìlọ̀ fún òṣèré: “Má wọbẹ̀ o!” Ẹni tó bá dá fi fóònù wo fíìmù kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sunkún bó ṣe wù ú, kò kúkú sẹ́ni tó ń wò ó.

Fíìmù a máa parí kí ọkàn tó kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Kèlání sọ Ó Le Kú, ìwé Ìṣọ̀lá, di fíìmù ní 1997, ìró kúkúrú pẹ̀lú bùbá àwọn ọmọge inú rẹ̀ tún gbòde. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí Àṣàkẹ́ àti Lọlá dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ̀rù náà lè bá ọmọdé wọ yàrá: èyí tó bá wo àwọn àjẹ́ inú Ayé lè kọ̀, kó ní òun kò dá sùn. Ìdí nìyí tí National Film and Video Censors Board, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, fi ń sọ èyí tó wà fún gbogbo ènìyàn àti èyí tó wà fún ẹni ọdún 18 sókè. Ní ti àgbàlagbà, ó mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ ó ń sunkún. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n yìí ló jẹ́ kó lè nu ojú rẹ̀ nígbà tí eré bá parí, kó sì ní fíìmù náà dùn.