Ibùdó Ìtàn àti Àhunpọ̀ Ìtàn nínú Rosewater: Àkíyèsí láti Ìdí-Ìrókò

Ẹ̀sùn kan wà tí ó rọrùn láti fi kan Rosewater, ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tí Tade Thompson kọ: pé ibùdó ìtàn rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ìwé náà jáde ní 2016, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019. Ní èrò tiwa, àbùkù wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibùdó ìtàn ni ó fà á.

Nàìjíríà ọdún 2066 ni ìtàn náà dá lé. Ẹ̀dá kan ti òde ayé wá, ohun rìbìtì ńlá kan bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sì yọ. Àwọn ènìyàn wá tẹ ìlú dó yí i ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ó ń ṣí, tí àwọn aláìsàn sì ń rí ìwòsàn. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Ìdí-Ìrókò. Ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí a ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí ó ń retí ẹnubodè lè jókòó sójú kan, síbẹ̀ ó mọ ohun tí òun ń retí. Ibùdó ìtàn Thompson ní irú ìrètí yìí nínú. Òun gan-an ti tó láti darí ìtàn.

Kaaro, olú ẹ̀dá-ìtàn, ni kò ní in. Olè ni tẹ́lẹ̀. Ó ń rí inú ọkàn ẹlòmíràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún S45, àjọ ìjọba tí ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ìtàn ti ń fò láti 2066 padà sí àwọn ọdún tí ó ti kọjá, ikú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó yẹ kí ó jẹ́ okùn ìtàn, ń já mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́. Ó ń jẹ́ iṣẹ́ S45, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò sí lọ́kàn rẹ̀. Òǹkàwé kò sì tètè mọ ohun tí yóò bàjẹ́ bí kò bá jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) ti Fágúnwà. Nínú ìrìn-àjò méjì àkọ́kọ́, Àkàrà-Ògùn dá wọ igbó lọ. A lè yọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan kúrò kí ìtàn má yingin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọba rán òun àti àwọn ọdẹ mìíràn sí Òkè Lángbòdó fún àǹfààní ìlú. Ohun abàmì inú igbó kò dínkù, síbẹ̀ ìdènà kọ̀ọ̀kan wá ní ìtumọ̀, nítorí a mọ ohun tí ó ń dí lọ́nà.

Nítorí náà, kí lámèyítọ́ má ṣe gba òǹkọ̀wé níyànjú pé kí ó dín ayé inú ìwé rẹ̀ kù. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni pé: ta ni ó ń fẹ́ kí ẹnubodè yìí ṣí, kí ni yóò sì pàdánù bí ó bá wà ní títì?